Kí Ló Ń Dún Gbò-gbò Lẹ́yìn Camry Mi?

ÌBÉÈRÈ: Camry 2005 ni mo ń wà. Bí mo bá ti kó sí gálọ́ọ̀pù kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dún gbò-gbò. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó. Ẹ kó ẹrù bọ́ọ̀tù kalẹ̀ pátá, títí kan jáàkì àti ẹ́sítírà táyà, kí ẹ tún gba ọ̀nà yẹn. Jáàkì tí wọn ò dè dáadáa máa ń tan èèyàn jẹ gan-an.

Bó bá ṣì ń dún, línkéèjì ẹ̀yìn, ìyẹn irin kúkúrú tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì, la kọ́kọ́ fura sí. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ di línkéèjì mú, kí ẹ mì ín. Bó bá ń ṣe kọ̀-kọ̀ lọ́wọ́ yín, ó ti jẹ nìyẹn. Kò sì wọ́n tó ṣọ́ọ̀kì rárá. Ẹni tó bá máa tú u gbọ́dọ̀ di irin àárín nọ́ọ̀tì rẹ̀ mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin yẹn àti nọ́ọ̀tì á jọ máa yí ni.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ẹ tẹ igun bọ́ọ̀tù mọ́lẹ̀, kí ẹ yọwọ́. Bó bá ń fò sókè-sódò léraléra, tàbí tí ọ́ìlì ń ṣàn lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Bó bá gbẹ, tó sì dúró, ẹ yẹ máńtì orí rẹ̀ wò, ìyẹn ìjókòó onírọ́bà tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara mọ́tò.