Máratọ́ọ̀nù tí kò lọ́jọ́: má fi bàtà kọ́, má sì pa ara ẹ

Àbúrò mi ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta níbí, o ní o ti ń múra máratọ́ọ̀nù, eré kìlómítà 42, bọ̀ kí àrùn kòrónà tó dé, wọ́n wá fagi lé eré náà lọ́dún 2020. Ṣé kí o máa bá a lọ ni, àbí kí o fi bàtà kọ́? O tún ní eékún ń dùn ọ́ bó o bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Tèmi ni pé má fi bàtà kọ́ o, àmọ́ ìwọ náà fagi lé eré jíjìn tó ò ń sá ní Sátidé-Sátidé yẹn.

Ta ló fẹ́ dá ọjọ́ fún ọ lọ́dún yẹn? Máratọ́ọ̀nù Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń sá láti 1897, wọ́n kọ́kọ́ sún ti 2020 láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tó di òpin oṣù Karùn-ún wọ́n fagi lé e pátápátá. Wọ́n sún Òlíńpíìkì Tokyo náà sí 2021. Orí ló kó ti Èkó yọ: ọjọ́ 8 oṣù Kejì ni wọ́n sá a, kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí wọ́n fi rí ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò wa níbí, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rí kòrónà lára ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ara tó bá ti pọ́n fún máratọ́ọ̀nù kì í pẹ́ lórí igi. Ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 la fi ń gbé e débẹ̀, a ó dẹwọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó di eré. Eré kan wà tí mo sá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tí àwọn tó ṣètò ẹ̀ ń sún síwájú ṣáá. Bí wọ́n ṣe ń ní "ó kù díẹ̀", bẹ́ẹ̀ là ń sá kìlómítà 30 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó máa fi wáyé, ìdajì wa ti ń tiro. Èmi parí ẹ̀, ṣùgbọ́n èékánná ẹsẹ̀ mi bọ́, oorun ò kùn mí lóru, oúnjẹ ò wù mí. Láfún àti ewédú ni mò ń sọ yìí o, kì í ṣe oúnjẹ àjèjì.

Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2020, inú ọgbà ilé ni mo ti ń sá, mò ń yí kànga po. Ìyá onílé jókòó ti ẹ̀gúsí tó ń bó, ó ní, "Bàbá Tóbi, ta ló ń lé yín?" Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bó o bá ń yí sí ọwọ́ kan ṣoṣo, ìbàdí àti eékún ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò gba gbogbo ìyà náà. Mo máa ń yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò dùn, òòyì ń kọ́ mi, ṣùgbọ́n èémí mi ò lọ. Ẹni tó bá jókòó pátápátá, kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta èémí á ti máa kúrú. Ẹni tó bá sá ìdajì ohun tó ń sá tẹ́lẹ̀, tó sì fi ọjọ́ kan sá kíkankíkan, kò ní pàdánù púpọ̀.

Ní báyìí tí ọ̀nà ti là, òkè ni kó o gbájú mọ́. Àwọn ará Èkó ń wá òkè, orí afárá ni wọ́n ń gùn; àwa rèé, inú àpáta la bí wa sí. Mo máa ń jí dé Òkè-Ìlèwó kí kòròpe tó gba ojú ọ̀nà. Mo á fi ìṣísẹ̀ kúkúrú gùn ún, àyà síwájú, mo á wá rìn sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ yòókù, sá jẹ́jẹ́ débi tó o lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìbòmú? Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má lò ó nígbà eré ìdárayá tó le, kí a jìnnà síra wa ni. Inú àpò ni tèmi máa ń wà nígbà yẹn títí mo fi máa ra píọ̀ wọ́tà.

Lásìkò kòrónà náà, àwọn kan ń dá kìlómítà 42 sá, wọ́n ń fi fóònù ka á. Ọkùnrin kan ní Faransé tilẹ̀ sá tiẹ̀ lórí báókónì ilé ẹ̀ tó gùn tó mítà méje, ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Mo kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìmúrasílẹ̀. Kìlómítà 10 lójú ọ̀nà kan náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ni kó o fi dán ara ẹ wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde eré, kó o ka ọ̀sẹ̀ 16 padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni kí eré jíjìn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti eékún, má sáré sọ̀kalẹ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì, máa rìn ín. Máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gun àtẹ̀gùn ilé yín díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, kí itan lè le. Bó bá wú, tàbí tó ń dùn ọ́ nígbà tó o bá sùn, lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà, kó o sì bọ́ bàtà yẹn fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ hàn wọ́n.