Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ ń lo fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà?

Rárá o, àwọn àgbà tówó wà lọ́wọ́ wọn ni. Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, síìmù kan ń lọ bíi ₦20,000, bẹ́ẹ̀ ₦7,500 lowó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. ₦50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan. Bó o ní "ẹ ǹlẹ́" péré tó o sì pa á, ₦50 ti lọ nìyẹn! Oníṣòwò ńlá àti lọ́yà ló lè ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sábẹ́ agboòrùn onípè, ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò lára aago.

Glo wọlé lọ́dún 2003, ó ń gbowó ní ìṣẹ́jú àáyá, síìmù náà sì wá di pọ́ọ́kú. Ìgbà yẹn làwọn ọ̀dọ́ ya bò ó, tí fíláṣì gbòde.

Ní báyìí, tọmọdé tàgbà ló ń lò ó, ohun tí wọ́n ń fi ṣe ló yàtọ̀. Ọ̀dọ́ lè wà lórí TikTok látàárọ̀ kó má pe ẹnikẹ́ni. Màmá mi ní tiwọn kì í tẹ ọ̀rọ̀ rárá lórí WhatsApp, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, oríkì mi nìkan á sì ti gba ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó débi ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà nínú àpò, torí bátìrì rẹ̀ máa ń lo ọjọ́ mélòó kan tí iná ò bá sí.