Orí Idẹ Ifẹ̀: Ta Ló Ṣe É?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ mi fi fọ́tò orí idẹ Ifẹ̀ kan tó wà ní London hàn mí, oníbàárà mi kan wá ní òyìnbó ló ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe é?
Ìyá Aládìrẹ

ÌDÁHÙN: Irọ́ gbuu ni, Mà! Kí Potogí tó dé etíkun wa rárá ni wọ́n ti rọ wọ́n. Frobenius, onímọ̀ kan ará Jámánì, rí ọ̀kan ní 1910, kò gbà pé èèyàn dúdú lè ṣe é, ló bá ń sọ̀rọ̀ Atlantis kiri, ìlú inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì, ẹ gbọ́ nǹkan o. 1938 ni wọ́n wá kan ọ̀pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á fi amọ̀ mọ orí, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, ara ìda yẹn ni wọ́n ti máa fín ojú, imú àti gbogbo ilà wínníwínní tẹ́ ẹ rí yẹn, wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó, wọ́n á wá fi iná sí i, ìda á yọ́ jáde, idẹ yíyọ́ á rọ́pò ẹ̀. Tó bá tutù wọ́n á fọ́ amọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdìrẹ alábẹ́là, ẹ ṣáà mọ̀ pé ìda kì í dúró níwájú iná.

Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, Ọọ̀ni Ifẹ̀ ayé àtijọ́, tiẹ̀ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, bẹ́ẹ̀ bàbà le láti rọ ju idẹ lọ.

Ti London yẹn, 1939 ló dé British Museum. Nàìjíríà ni èyí tó pọ̀ jù wà, tẹ́ ẹ bá dé Ifẹ̀, mùsíọ́mù ò jìnnà sí ààfin.