Àríyá ọ́fíìsì wa ń bọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n wá eré tí a ó ṣe

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn 38 ni wá. A fẹ́ ṣe àríyá ìparí ọdún ní ọjọ́ Ẹtì kẹta oṣù Disẹ́ńbà, ọ̀gá wa sì ní èmi ni kí n wá eré tí yóò dá wa lára yá fún wákàtí kan. ₦25,000 péré ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, aláwàdà tí a háyà fi àwọn obìnrin tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn kan sì bínú lọ sílé. A ní ààfáà kan àti pásítọ̀ kan láàárín wa, a ní ọmọ Igbo mẹ́ta àti ọmọ Hausa kan. Kí ni mo lè ṣe tí gbogbo wọn á fi rẹ́rìn-ín, tí ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni? — Akọ̀wé, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ẹrù tí wọ́n gbé rù ọ́. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti wà nínú kọmítì àríyá ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Má háyà aláwàdà kankan lọ́dún yìí. Kì í ṣe nítorí owó. Ẹni tó wá láti ìta ò mọ̀ yín rárá, ohun tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ni yóò mú ṣeré, ohun tí ojú sì máa ń kọ́kọ́ bà lára èèyàn ni sísanra rẹ̀, ìrìn rẹ̀, tàbí ilà ojú rẹ̀.

Àwa tí a mọ ara wa náà máa ń ṣì í ṣe. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo wà nígbà kan, a ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa sín àwọn òṣìṣẹ́ jẹ níbi àríyá. Ó sín ọ̀gá jẹ, a rẹ́rìn-ín. Ó kan mẹ́séńjà wa tó máa ń kólòlò, ó kólòlò bíi tirẹ̀, a tún rẹ́rìn-ín. Mẹ́séńjà náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò tún la ẹnu kí wa mọ́. Á tẹrí ba, á gbé fáìlì kalẹ̀, á jáde. Mo wà lára àwọn tó ṣètò eré yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa fi nǹkan ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ fi ohun tí kò lẹ́mìí ṣe é. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yín lọ sílé ẹjọ́.

Wá ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo kó ṣe adájọ́, kí ẹni méjì ṣe lọ́yà, kí ẹni mẹ́rin ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹnì kan á gbé páálí ńlá wọ̀ bí ẹ̀wù, òun ni jẹnẹrétọ̀. Kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìró ni yóò máa fi dáhùn. Lọ́yà á bi í pé, “Ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe owó oṣù lọ́wọ́ gan-an lo yàn láti kú?” Òun á dún gbùrùrù, á wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́ lójijì. Akáńtáǹtì yín á jáde wá jẹ́rìí nípa iṣẹ́ tó pòórá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra dísẹ̀lì lábẹ́ òjò á wá sọ tirẹ̀. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ á wá bẹ ilé ẹjọ́ pé oníbàárà òun ò tíì rí ọ́ìlì tuntun mu láti ọdún Àjíǹde. Ohun tó máa dùn jù ni pé gbogbo yàrá lẹ jọ máa dájọ́. Nígbàkigbà tí adájọ́ bá béèrè pé, “Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ bí?” kí gbogbo èèyàn ké e pọ̀ pé, “A gbọ́, kò tíì tó!” Kọ́ wọn ní ègbè yìí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn tó ń gbè ègbè kì í sùn, kì í sì í tẹ fóònù.

Ẹ rántí olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tó fi ayé sílẹ̀ ní 2018. Kó tó la ẹnu rárá, bóò gbàǹgbà tó dè mọ́ ọrùn àti aago ńlá tó gbé kọ́rùn ti pa wá lẹ́rìn-ín. Ara tirẹ̀ ló fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ gé irú aago bẹ́ẹ̀ fún adájọ́ yín láti ara páálí, kí ẹ fi máàkà kọ nọ́ńbà sí i. Páálí, gọ́ọ̀mù, máàkà àti aṣọ dúdú tí ẹ máa yá kò lè jẹ ìdajì owó tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Èkejì ò gba kọ́bọ̀. Òwe ni, ṣùgbọ́n imú la ó fi pa á. Ẹnì kan á mú òwe kan lọ́kàn, bíi “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” á pa ẹnu dé, á sì fi imú kùn ún ní dò, re, mí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Àwọn yòókù á máa méfò. Ohun tí onígángan ń ṣe gan-an nìyí: ohùn nìkan ni ìlù ní, etí wa ló ń bá a wá ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ ò rí i pé àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n má ṣe pín wọn ní ẹ̀ka iṣẹ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́, kí ìjà àárín ọdún má bàa wọ inú eré. Èdè Igbo náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ Igbo yín kùn òwe tiwọn fún ara wọn, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọmọ Hausa tó dá wà ńkọ́? Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ni kó máa kùn. Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ ara yín.

Ẹ lè fi àlọ́ àpamọ̀ díẹ̀ há àárín wọn. “Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn,” imú ni. Ohun tó kọjá níwájú ọba tí kò kí ọba, àgbàrá òjò ni. Kí ẹ wá dá tiyín: “Ó ń jẹ bébà láàárọ̀ lálẹ́, kò sanra; ọjọ́ tí oúnjẹ bá há a lọ́fun, gbogbo wa là ń jókòó lásán.” Wọ́n á mọ̀ pé máṣíìnì ìtẹ̀wé ni kí o tó sọ̀rọ̀ tán.

Oríkì ni mo fẹ́ kí o fi kádìí rẹ̀, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù. Mú èèyàn mẹ́fà tí wọn kì í dárúkọ wọn nípàdé: awakọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, irú wọn. Lọ bi wọ́n ní ìdákọ́ńkọ́ léèrè oríkì tí wọ́n sọ wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn, Àjàní ni o, Àkànní ni o, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ò mọ tiwọn mọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n pe ìyá wọn lórí fóònù. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá, bi í léèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà kí o kọ ìlà mẹ́ta péré nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà, kó sì jẹ́ òótọ́. Fún awakọ̀: “Àjàní, a-mọ-gbogbo-kòtò-ọ̀nà-Èkó, a-gbé-ni-lọ-gbé-ni-bọ̀-láìfarapa.” Fún ẹni tó ń gbálẹ̀: “Àbẹ̀kẹ́, ajígbálẹ̀-kí-ọ̀gá-tó-dé, ẹni tí a kì í bá lẹ́nu iṣẹ́, tí a ń bá iṣẹ́ rẹ̀.” Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí o máa yìn, má ṣe kan òrìṣà ilé ẹnikẹ́ni, ààfáà àti pásítọ̀ yín á sì bá yín gbè é. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá parí, kí gbogbo yàrá pe oríkì ẹni náà lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí àgbàlagbà tó sunkún ayọ̀ níbi irú eré báyìí, nítorí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú ni kí ẹjọ́ gbà, ogún fún òwe àti àlọ́, ogún fún oríkì. Kí gbogbo rẹ̀ parí kí wọ́n tó ṣí kúlà oúnjẹ, nítorí bí òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù bá ti gba inú yàrá, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ tìrẹ mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú ìkàlẹ̀, Màmá. Wọ́n ní kí n pàlọ́ níbi àríyá ọ́fíìsì wa, bẹ́ẹ̀ ohùn mi máa ń gbọ̀n bí mo bá dìde láàárín èrò. Ṣé kí n kọ̀ ni? — Onítìjú, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Má kọ̀, ọmọ mi. Àlọ́ àpagbè ni kí o pa, èyí tó lórin, nítorí bí àwọn èèyàn bá ń gbè orin, ìwọ á rí àyè mí. Àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ dára fún ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn, wọ́n á gbé ègbè náà kí o tó parí ìlà àkọ́kọ́. Sọ fún ọ̀rẹ́ méjì kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n máa gbè é kíkankíkan. Di nǹkan mú, igbá tàbí ṣíbí ìkọbẹ̀, kí ọwọ́ rẹ má bàa máa wá ibi tó máa sá sí. Kí o wá ké “Ààlọ́ o!” Bí ìdáhùn wọn bá rọra wá, tún un ké. Má tíì dárúkọ Ìjàpá rárá títí àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á fi dá ọ lóhùn.