Wọ́n Rò Pé Gẹ̀ẹ́sì Ni Kò Yé Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni ọdún 43 ni mí. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní Maryland l'Amẹ́ríkà, mo sì ń lọ sí kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì (ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì) lọ́sàn-án kí n lè di nọ́ọ̀sì. Etí òsì mi ti di láti kékeré, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí tíṣà bá ti kọjú sí pátákó tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí mo bá ní kí wọ́n tún un sọ, àwọn ọmọ tí mo lè bí á máa wo ara wọn lójú. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé mi. Tí wọ́n bá ní ká pín ara wa ní mẹ́rin-mẹ́rin, èmi ni mo máa ń ṣẹ́ kù. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá sọ ti etí, wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, torí náà jẹ́ kí n pè ọ́ ní àbúrò. Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ òru, ìwé ọ̀sán, ọmọ mẹ́ta! Ìgbà wo lo tiẹ̀ ń sùn?

Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà lọ ní Houston. Kò sí họ́sítẹ́lì, páákì ọkọ̀ ló gba ilẹ̀ jù. Bí kíláàsì bá ti parí, kálukú á ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò, ó di ibi iṣẹ́. Má rò pé ìwọ nìkan ni wọn ò kà kún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ orúkọ ara wọn.

Ojú ló ń dà mí láàmú ní tèmi. Mi ò rí ohun tí wọ́n kọ sí pátákó, ìwé ẹni tó jókòó tì mí ni mo ń jí wò kọ. Ó ṣi 7 kọ, èmi náà ṣì í kọ. D ni mo gbà nínú ìṣirò. Obìnrin ará Mẹ́síkò kan tá a jọ ń gbálẹ̀ lálẹ́ ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. Nígbà ìdánwò tó tẹ̀ lé e, ìwé ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi fẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Mo rí gbogbo nọ́ńbà. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Irú ọ́fíìsì yẹn ni kó o wá lọ nílé ìwé tìrẹ. Òfin Amẹ́ríkà fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, ti ọdún 1973, àti ti 1990 tí wọ́n ń pè ní ADA, ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n ṣètò fún ẹni bíi tìẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń gbé àwa tá a dàgbà sílé ṣubú rèé: ní háísúkù Amẹ́ríkà, ilé ìwé ló gbọ́dọ̀ wá ọmọ tó ní ìpèníjà rí; ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn ò ní wá ọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mú ìwé dókítà etí dání. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kọ́ tíṣà lọ́rùn kí ohùn rẹ̀ máa wọ̀ ọ́ létí, tàbí kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí tíṣà á sọ ohun tó máa ṣe fún ọ, kò ní sọ ohun tó ń ṣe ọ́. Kò sì ní hàn nínú ìwé èsì rẹ. Ní ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè gbọ́ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbowó oṣù.

Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń pín yín. Tètè dé, jókòó síwájú lọ́wọ́ òsì, kí etí rẹ tó gbọ́ràn lè kọjú sí kíláàsì. Ẹnì kan péré ni kó o sọ fún: "Ọ̀tún mi ni kó o jókòó sí, etí òsì mi ò gbọ́." Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jọ kàwé, ẹ wá yàrá kékeré ní láíbìrì, ariwo ilé oúnjẹ wọn ò ní jẹ́ kó o gbọ́ nǹkan kan.

Lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ìdánwò tó dé. Lẹ́tà wọn kì í tún máàkì tó ti wọlé ṣe. D tèmi ṣì wà níbẹ̀ dòní.