Ṣé aláboyún lè ṣe àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá SS (fòníkú-fọ̀ladìde) ni ọmọ inú rẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàláámù àláékúmù, Àáfà. Nígbà tí a fẹ́ ṣe yìgì, AA ni wọ́n kọ fún mi. Lẹ́yìn tí mo lóyún ni àyẹ̀wò mìíràn fi hàn pé AS ni mí, AS náà sì ni ọkọ mi. Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 10. Dókítà ní àwọn lè yẹ ọmọ inú mi wò. Ìyá ọkọ mi ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń bá Ọlọ́hun du ìmọ̀ Rẹ̀. Ọkọ mi dákẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa àláékúmù sàláámù. Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ yín nínú ìwé tí wọ́n ṣì kọ.

Inú Súrà Luqman, 31:34, ni ìyá wa ti mú ọ̀rọ̀ wọn: Ọlọ́hun ló mọ ohun tó wà nínú àpò ìbímọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ Ọlọ́hun ti wà kí oyún tó dúró rárá, ó sì kan arísìkí ọmọ náà àti ọjọ́ ikú rẹ̀. Dókítà ní tirẹ̀, ohun tó ti wà nílẹ̀ ló ń wò. Àwọn tó ń ka áyà yìí lé aláboyún lórí kì í kúkú rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ ṣe sikáànù láti mọ̀ bóyá akọ ni. Nígbà tí Sayyidunà Umar yí padà lọ́nà Ṣáámù (agbègbè Síríà) nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, Abu Ubayda, ọ̀gágun rẹ̀ níbẹ̀, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ló sì ń sá bọ́ sí. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari.

Àyẹ̀wò kò léèwọ̀, nítorí náà. Ohun tí ẹ máa fi èsì rẹ̀ ṣe ló ṣòro, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì ti fẹnu kò lórí rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Láàrin ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, wọ́n á máa wo sikáànù, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa bíńtín lára ibi ọmọ. Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ 15, omi tó yí ọmọ ká ni wọ́n ń fà. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n oyún lè tibẹ̀ bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá jọ ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti SS, ìdá mẹ́ta kì í ṣe SS.

Bó bá wá jẹ́ SS ńkọ́? Hádíìsì tí Ibn Mas‘ud, sàhábà Ànábì, gbà wá ni àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé lẹ́yìn 120 ọjọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọmọ. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ oyún náà, àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. (Dókítà ń ka oyún láti ìgbà nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, nítorí náà kíkà tirẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣíwájú.) Kí 120 ọjọ́ tó pé, ìgbìmọ̀ Fiqh (òfin ẹ̀sìn) ti Rabita, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àgbáyé, ní Mẹ́kà gbà á láyè lọ́dún 1990, bí àwọn dókítà tó ṣeé fọkàn tán bá jẹ́rìí pé àbùkù ọmọ náà burú gan-an, kò sì gbóògùn, tí òbí méjèèjì sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú mathhab (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Malik tí àwa ń tọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò gbà á kódà kí 40 ọjọ́ tó pé. Òfin Nàìjíríà náà kò gbà á, àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Èmi ò ka fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ irú àbùkù tí fatwa (ìdájọ́) ìgbìmọ̀ Mẹ́kà yẹn ń sọ. Àwọn SS ń kírun lẹ́yìn mi ní mọ́ṣáláṣí, àwọn mìíràn ti bímọ.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní ṣẹ́ oyún náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá bímọ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ kíákíá. Bó bá jẹ́ SS, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ penisílíìnì kó tó pé oṣù mẹ́ta, oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí àìmọ̀ kò bá ní jẹ́ kí ẹ sùn, tí ẹ kàn fẹ́ múra sílẹ̀, ẹ ṣe é, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ yín, àmọ́ wọn kọ́ ni wọ́n máa pinnu. Ẹ mú ọkọ yín dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ jọ kí raká méjì istikhara, ìrun tí a fi ń tọrọ ìtọ́sọ́nà Ọlọ́hun.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.