Ẹ fa ìlà ná, kí ẹ tó ra ọ̀dà mìíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní oṣù mẹ́rin rèé tí ẹ ti ń kun àwòrán tí kò jọ ènìyàn, tí kò jọ igi, kìkì àwọ̀ àti ìlà, àti pé bó ti wù kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ ẹrẹ̀ ló ń dà kẹ́yìn. Ọmọ yín tilẹ̀ wo èyí tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn, ó ní ó jọ ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn òjò. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ti ń ya ojú ènìyàn ná, àti irú ọ̀dà olówó gọbọi tí ẹ máa rà.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn, aṣọ ni mo ń rán jẹun. Àwòrán ò tíì fún mi lówó oúnjẹ ọjọ́ kan rí. Ọdún 7 rèé tí mo ti ń kùn ún lálaalẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ. Ọdún 2 àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tèmi tilẹ̀ ju tiyín lọ, torí àwọ̀ 24 ni mo rà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni mo sì fẹ́ lò lójú àwòrán kan ṣoṣo.

Àwọn àwọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń pa ara wọn. Pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé, búlúù pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, ìyeyè pẹ̀lú àlùkò: bí wọ́n bá bá ara wọn ní tútù, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti eérú ni wọ́n ń dà. Èyí rọrùn, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí gidi tí àwòrán fi ń di ẹrẹ̀ ni pé ẹ ń wá ìlà, ẹ ń wá àwọ̀, ẹ sì tún ń wá ibi tí ẹ máa dúró sí, gbogbo rẹ̀ papọ̀ lójú tútù. Bí ìlà kan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó fi òmíràn bò ó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí èmi náà ṣe ń bo ìlà mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, bí aago mọ́kànlá, mo ju ọwọ́ pẹ̀lú ìbínú, búrọ́ọ̀ṣì ta búlúù sára léèsì funfun oníbàárà tó wà lórí àga. N kò rí i. Acrylic, ọ̀dà olómi tí mo ń lò, bó bá ṣì tútù, omi á fọ̀ ọ́. Bó bá ti gbẹ, ó ti di rọ́bà nìyẹn. Òwúrọ̀ ni mo tó rí i, tótó mẹ́fà lójú àyà. Yáàdì 5 ni mo san padà, mo sì tún rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn gbé àwòrán náà síta.

Oṣù kejì ìyẹn la lọ kí ìyá àgbà kan nínú ẹbí ìyàwó mi ní Abẹ́òkúta, ní agbègbè Ìtòkú níbi ọjà àdìrẹ. Páànù tí wọ́n gé ojú rẹ̀ ni àwọn mìíràn fi ń tẹ ẹ̀kọ sáṣọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ adìyẹ ni màmá yìí ń lò. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí ló wà nínú abọ́. Ó tẹ́ aṣọ, ó pín in sí ojú onígun mẹ́rin kéékèèké. Ó ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó gbé e sókè, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fà á lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò padà sórí ìlà tó ti fà. Ẹ̀kọ já bọ́ níbi tí kò fẹ́. Mo rò pé á nù ún ni. Ìlà kékeré méjì ló fà yí i ká, ó di ojú ẹyẹ. Mo ní, “Màmá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé, ó ní, “Bí ojú yẹn bá ti kún, ṣé ń ó tún máa kọ ọ́ sára tábìlì ni?”

Lẹ́yìn ìyẹn, kò kan aṣọ náà mọ́. Ó kù sí ọwọ́ aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró ò ní ríbi wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ ó rí i pé àwọ̀ àti ìlà ò jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Bí mo ṣe délé, mo gbé gbogbo ọ̀dà sínú páálí. Pépà tí a fi ń gé pátánì ni mo mú, mo gé e sí 20, mo pọn dúdú kan ṣoṣo sínú abọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Pépà 20 lálẹ́ kan, dúdú nìkan, irinṣẹ́ kan lálẹ́ kan, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ padà sórí ìlà. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹ́: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń fún yín ní ìlà bí irun, ikùn rẹ̀ á fún yín ní ìlà tó là sí méje tàbí mẹ́jọ bó bá ti ń gbẹ. Alẹ́ kejì, ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ó le, kì í gbọ́ràn, ó máa ń ta sílẹ̀ níbi tó bá ti yí. Òòyà tí eyín rẹ̀ ti ká á fi oko tí wọ́n ti kọ ebè sí hàn yín. Kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á. Èmi tún lo kẹ̀kẹ́ eléyín tí a fi ń tọ pátánì, ó sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù títí dòní, torí ó ń rìn bí èèrà.

Ẹ dìde dúró. Ìlà tó ti ọrùn ọwọ́ wá máa ń kúrú, ó máa ń jọ ìwé kíkọ. Èyí tó ti èjìká wá ló ń ní ìrìn. Ẹ fa ìlà kan náà kíákíá, kí ẹ tún fà á bí ìgbín, ẹ ó rí i pé ìwà wọn ò jọra. Ní alẹ́ kẹta, ó máa sú yín. Ní tèmi, ó sú mi títí di ìkarùn-ún. Ẹ má ju ìkankan nù.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mú àwọ̀ wọlé báyìí. Ẹ wá aṣọ òwú funfun, ẹ fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ pákó. Ẹ po ìyẹ̀fun pẹ̀lú omi kó ki bí ògì tí a kò tíì sè, ẹ fi ìyẹ́ fa ìlà yín, kí ó gbẹ mọ́jú. Ẹ rún aṣọ náà díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ìyẹ̀fun á sán, àwọ̀ á sì gba inú sísán náà wọlé. Ẹ po ọ̀dà búlúù pẹ̀lú omi, ẹ kùn ún lórí gbogbo rẹ̀, kó gbẹ kanrin, ẹ wá rẹ ẹ́ sómi kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ìyẹ̀fun kúrò. Ìlà yín á yọ ní funfun. Kò sí ẹrẹ̀ tó lè débẹ̀, torí àwọ̀ kan péré ló wà.

Ẹ pẹ́ díẹ̀ lórí àwọ̀ méjì kí ẹ tó mú ìkẹta. Àwọn àgbà wa ò ní ju funfun, pupa àti dúdú lọ nínú orúkọ àwọ̀ gbòógì, inú dúdú sì ni aró wà. Lára ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló kun ìlà àti ààmì sí i. Ẹ wo orí ọ̀pọ̀ ère ìbejì àtijọ́ náà, búlúù ìfọṣọ ni wọ́n fi kun irun. Bí ẹ bá fẹ́ lo búlúù yẹn tàbí osùn, ẹ fi gúlù funfun àwọn káfíńtà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa wá sọ́wọ́.

Ní ti yíya ojú ènìyàn, bó bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Kì í ṣe òun ló dí yín lọ́nà. Nígbà tí Georgina Beier, òyìnbó ayàwòrán, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1964, Jimoh Buraimoh tó wá síbẹ̀ ni ẹni tó ń bójú tó iná fún tíátà Dúró Ládípọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wá ń lẹ̀ mọ́ àwòrán lẹ́yìn náà, òun layé sì fi mọ̀ ọ́n. Èmi gbìyànjú ojú ènìyàn fún oṣù mẹ́fà, gbogbo wọn jọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Ohun kékeré méjì tó kù: ẹ má kun emulsion, ọ̀dà ògiri olómi, lórí gloss, ọ̀dà tó ń dán, epo ló wà nínú gloss, á bó bí awọ ejò. Lásìkò ọyẹ́, acrylic máa ń gbẹ lójú búrọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó yíjú, ẹ gbé abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́.

Ọmọ yín tó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹ fún un ní ìyẹ́ tirẹ̀ àti pépà tirẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo bó ṣe máa fa ìlà kan, tó máa sọ pé ó ti parí, tó sì máa bèèrè òmíràn.